Àwọn Tó Fi Ọ̀dà àti Omi Pa Àga Àtijọ́ Mọ́

Ní ọdún 1935, nígbà tí àìríṣẹ́ṣe ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà fínra, ìjọba wọn dáwọ́ lé iṣẹ́ kan tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n kó àwọn ayàwòrán jọ, wọ́n ń san owó fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ máa ya àwòrán àga, tábìlì, àpótí aṣọ àti kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn baba ńlá wọn fi igi kàn. Kì í ṣe àwòrán ààrẹ, kì í ṣe àwòrán ọ̀gágun. Àga tí ìyá àgbà fi ń jókòó lẹ́bàá iná nígbà òtútù ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a mọ̀ pé bí a bá dárúkọ ìtàn, ogun àti oyè ló máa ń kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ yín ní ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ àwa. Ṣùgbọ́n ìtàn wà lára igi tí ènìyàn fi ọwọ́ gbẹ́, ìtàn tí kò sì ní ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ máa ń bá ikán lọ ni. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn kan ṣe kọ tiwọn sílẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù, búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà tí a ń fi omi pò.

Ohun tó fa iṣẹ́ náà kò ju ebi lọ. Ní ọdún 1929, ọjà owó ní New York dojú dé. Nígbà tó fi máa di ọdún 1933, bí a bá ka òṣìṣẹ́ mẹ́rin ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí káfíńtà àti bíríkìlà kò rí iṣẹ́, ta ni yóò ra àwòrán lọ́wọ́ ayàwòrán? Ìjọba Ààrẹ Roosevelt wá dá àjọ kan sílẹ̀ ní ọdún 1935 tí yóò máa fún àwọn oníṣẹ́ ọnà níṣẹ́, Federal Art Project ni wọ́n pè é. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀ ni Holger Cahill, ọmọ ilẹ̀ Iceland tí òun náà ti jìyà òṣì ní kékeré. Ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ náà ni èyí tí à ń wí yìí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Index of American Design.

Ìrònú rẹ̀ ti ilé ìkàwé wá, èyí sì dùn mọ́ àwa tí a jẹ́ olùkọ́. Romana Javitz ló ń bójú tó ibi tí wọ́n ń kó àwòrán jọ sí ní ilé ìkàwé gbogbogbò ti New York. Ojoojúmọ́ ni àwọn tó ń ṣe aṣọ, àwọn tó ń ṣe àga, àwọn tó ń ṣe eré orí ìtàgé máa ń wá bá a pé kí ó fi àwòrán nǹkan àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà han àwọn. Bí wọ́n bá béèrè ti Faransé tàbí ti Jámánì, ìwé wà. Bí wọ́n bá béèrè ti ilẹ̀ wọn, kò sí. Òun àti Ruth Reeves, obìnrin kan tó máa ń ya àrà sára aṣọ, ni wọ́n jọ gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn tó láṣẹ, Reeves sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣètò iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi Constance Rourke, òǹkọ̀wé, ṣe olóòtú.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn bí ẹ ṣe lè rò. Bí iṣẹ́ ìpínlẹ̀ kan ṣe rí kọ́ ni ti òmíràn rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Suzanne Chapman, tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Íjíbítì ní ilé ìkóhun-ọnà-sí ti Boston, ló wá kọ́ àwọn ayàwòrán Massachusetts bí a ṣe ń ya nǹkan tí yóò fi dà bíi pé ènìyàn lè na ọwọ́ mú un. Ọ̀nà tó kọ́ wọn yìí ni wọ́n tàn ká àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ayàwòrán yóò wo àga náà yípo, yóò wọ̀n ọ́n, yóò sì fi pẹ́ńsù fà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí ìwé funfun. Yóò wá po ọ̀dà mọ́ omi kí ó ṣàn dáadáa, yóò fi tẹ́ ojú ìwé, yóò sì dúró kí ó gbẹ. Ó di ìgbà tó bá gbẹ kí ó tó fi òmíràn lé e. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fi ọ̀kan lé ọ̀kan títí àwọ̀ igi náà yóò fi jinlẹ̀. Ibi tó bá fẹ́ kí ó mọ́lẹ̀, kì í kùn ún rárá, ìwé funfun tó wà nísàlẹ̀ ni yóò ṣe iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀. Níkẹyìn ni yóò mú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín láti fa iṣan igi, ihò ìṣó àti ibi tí ọ̀dà ti bó. Kò ní ya ògiri sí ẹ̀yìn àga náà, kò ní ya ènìyàn sórí rẹ̀. Àga nìkan ni yóò dá dúró lójú ìwé, pẹ̀lú òjìji rẹ̀. Wọn yóò sì kọ àkọsílẹ̀ tì í: ta ló ni ín, níbo ni wọ́n ti kàn án, ní ọdún wo, báwo ló ṣe ga tó, irú igi wo ni. Àwòrán kan lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ìlú New York, owó ọ̀sẹ̀ ayàwòrán kò ju dọ́là 23 àti sẹ́ǹtì 86 lọ.

Àwa tí a fi wàláà kéwú mọ ìdí tí irú sùúrù bẹ́ẹ̀ fi yẹ. Wàláà tí ọmọ mẹ́rin ti fi kàwé tẹ̀lé ara wọn, etí rẹ̀ á ti máa dán níbi tí àtàǹpàkò ti ń dì í mú, ojú rẹ̀ á sì ti dúdú díẹ̀díẹ̀ nítorí tàdáà tí à ń fọ̀ tí kì í lọ tán. Ẹni tó bá kàn wò ó fìrí, pákó lásán ni yóò rí. Ẹni tó bá fara balẹ̀ yà á, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò bá pàdé níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti àga. Ọ̀pá ìdábùú tó wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń jẹ ní àárín, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá jókòó ń gbé gìgísẹ̀ lé. Apá àga máa ń bó ní iwájú níbi tí ọwọ́ arúgbó ń tẹ̀ kó tó dìde. Ayàwòrán Index kò láṣẹ láti tún un ṣe. Bó ṣe bó ni kí ó ṣe yà á.

Lára gbogbo ohun tí wọ́n yà, èyí tó wù wá jù ni ohun èlò ilé àwọn ìjọ kan tí à ń pè ní Shaker. Ann Lee, tí wọ́n bí ní ìlú Manchester ní ọdún 1736, ló kó ọmọlẹ́yìn mẹ́jọ kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1774. Nítorí pé wọ́n máa ń gbọ̀n nígbà ìjọsìn ni wọ́n ṣe sọ wọ́n lórúkọ yẹn. Ọkùnrin wọn kì í fẹ́yàwó, obìnrin wọn kì í lọ́kọ. Inú abúlé tiwọn ni wọ́n ń gbé, ohun gbogbo sì jẹ́ àjùmọ̀ní. Àwa Mùsùlùmí kò gba irú àìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì mú kí iye wọn máa dín kù títí ó fi ku ìwọ̀nba. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti iṣẹ́ ọwọ́, ó yẹ kí a fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé iṣẹ́ ọwọ́ náà jẹ́ ìjọsìn, nítorí náà wọn kì í fi ẹ̀tàn sí ibi tí ojú kò tó.

Àga wọn fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè gbé e. Wọ́n to èèkàn onígi yí ògiri yàrá ká, bí wọ́n bá fẹ́ gbálẹ̀, wọn yóò gbé àga gbogbo kọ́ sára èèkàn wọ̀nyí, wọn yóò sì yí orí rẹ̀ sísàlẹ̀ kí eruku má bàa bà sórí ìjókòó rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ènìyàn kò lè ṣe kó má fẹ̀yìn ti àga sẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ méjì iwájú sì gbéra nílẹ̀. Dípò kí wọ́n máa bá ọmọ wí, wọ́n fi bọ́ọ̀lù igi kékeré sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, tí yóò máa yí bí àga bá ṣe ń yí, kí ilẹ̀ pákó má bàa dégbò. Ọ̀kan lára wọn gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irú ẹsẹ̀ àga bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1852. Ní Mount Lebanon, ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n ń ṣe àga tà fún ará ìta, wọ́n sì fi nọ́ńbà pín wọn láti 0 títí dé 7, èyí tó kéré jù fún ọmọdé, èyí tó tóbi jù fún àgbà.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ káfíńtà yóò gbádùn ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Ọ̀nà kan wà tí àwọn akànga àtijọ́ ń gbà kan irú àga bẹ́ẹ̀ tí kì í fi tú. Ọ̀pá ìdábùú ni wọ́n máa ń jẹ́ kí ó gbẹ táútáú. Òpó tí wọn yóò lu ihò sí lára ni wọn kì í jẹ́ kí ó gbẹ tán. Bí wọ́n bá ti ki ọ̀pá gbígbẹ bọ ihò òpó tútù, bí òpó náà ṣe ń gbẹ lẹ́yìn náà ni yóò máa sún kì, tí yóò sì dì mọ́ ọ̀pá náà. Igi fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ìṣó. Kí ihò má bàa yẹ̀, wọ́n máa ń fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fa ìlà tín-ín-rín yí òpó po kí wọ́n tó lù ú. Ìlà náà kì í parẹ́. Ẹni tó bá ń wo àga ní ìṣójú méjì kò ní rí i, ṣùgbọ́n ayàwòrán tó bá ti jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ méjì kò lè fò ó. John W. Kelleher àti Alfred H. Smith wà lára àwọn tó ya ohun èlò Shaker fún Index. Nígbà tí wọ́n ń yà á, àwọn arúgbó obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹ́ kù ní abúlé wọ̀nyẹn, wọ́n ń ti abúlé kan pa tẹ̀lé òmíràn, àwọn oníṣòwò sì ń kó àga lọ.

Ní Pennsylvania, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n bá. Àwọn ará Jámánì tó wá tẹ̀dó síbẹ̀ láti nǹkan bíi 1700 lọ sókè máa ń kan àpótí fún ọmọbìnrin wọn tó ń lọ ilé ọkọ, kí ó lè kó aṣọ àti aṣọ ìbùsùn rẹ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí àpótí ṣe máa ń wà lára ẹrù ìyàwó tiwa náà. Wọn yóò kùn ún ní búlúù tàbí pupa, wọn yóò ya òdòdó, ẹyẹ àti ọkàn sí i, nígbà mìíràn wọn yóò kọ orúkọ ọmọbìnrin náà àti ọdún sí iwájú rẹ̀. Frances Lichten ló ń ṣe alábòójútó àwọn ayàwòrán ìpínlẹ̀ yẹn. Níbí ni ẹ ó ti rí ìdí tí fọ́tò kò fi tó fún wọn. Dúdú àti funfun ni fọ́tò ìgbà náà. Ọdún 1935 yẹn gan-an ni irú fíìmù aláwọ̀ tuntun tí wọ́n ń pè ní Kodachrome ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó sì wọ́n. Nínú fọ́tò dúdú àti funfun, àpótí búlúù àti àpótí pupa lè jọ ara wọn bí ìbejì. Wọ́n lo kámẹ́rà fún ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n Cahill gbà pé ojú ènìyàn tó ń wò tó sì ń ronú lè yan ohun tó ṣe kókó jáde ju ẹ̀rọ lọ. A rò pé òótọ́ ni fún ìgbà tirẹ̀. Àwọn kan á sọ pé ẹ̀rọ ti lé e bá lóde òní, a kò bá wọn jiyàn.

Ohun kan wà tí a kò lè fojú fò dá. Àwọn tó ṣètò iṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ yọ iṣẹ́ ọnà àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà sílẹ̀, wọ́n ní àwọn onímọ̀ mìíràn ti ń kọ tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ló ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé! Ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà sì rèé, ọwọ́ ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà wá ló la ọ̀pọ̀ pákó, òun ló sì fá a, ṣùgbọ́n orúkọ olówó ilé ló máa ń wà nínú àkọsílẹ̀, a kì í rí ti akànga. Díẹ̀ ni orúkọ wọn yọ. Thomas Day, aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú, ní ilé iṣẹ́ ìkànga ní Milton, ní North Carolina, ó sì wà lára èyí tó tóbi jù ní ìpínlẹ̀ náà ní ọdún 1850. Àwọn òyìnbó ọlọ́rọ̀ ló ń ra iṣẹ́ rẹ̀. Kí a má sì fi apá kan ìtàn pamọ́, òun náà ní ẹrú. Lára àwọn ayàwòrán Index fúnra wọn, a rí Joseph Delaney, ọmọ oníwàásù aláwọ̀ dúdú kan ní Knoxville, tí wọ́n bí ní ọdún 1904. Ọmọ ìran ẹrú ló jókòó tó ń ya ohun èlò ilé àwọn tó kó àwọn baba rẹ̀ lẹ́rú, owó ọ̀sẹ̀ tó ń gbà níbẹ̀ ló sì fi ń jẹun.

Ẹni tó bá ń bi wá pé kí ni gbogbo wàhálà yíya àga yìí wà fún, kí ó rántí mínbárì Mọ́sálásí Al-Aqsa ní Jerúsálẹ́mù. Igi ni òun náà. Sultan Nuruddeen Zangi ló ní kí wọ́n ṣe é ní ìlú Aleppo ní nǹkan bíi ọdún 1168, nígbà tí Jerúsálẹ́mù ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ajagun onígbàgbọ́ tó wá láti Yúróòpù, nítorí ó dá a lójú pé Ọlọ́hun yóò dá ìlú náà padà. Kò pẹ́ láyé láti rí i. Salahuddeen al-Ayyubi ló gba ìlú náà ní ọdún 1187, òun ló sì gbé mínbárì náà débẹ̀. Ó lò tó ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ ó dín díẹ̀. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹjọ, ọdún 1969, ọkùnrin ará Australia kan dáná sun mọ́sálásí náà, mínbárì sì jóná. Ìwọ̀nba ègé ló ṣẹ́ kù.

Ìjọba Jọ́dánì fẹ́ tún un ṣe bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé igi ni wọ́n há mọ́ ara wọn láìlo ìṣó, ìlà ọnà ara rẹ̀ sì lọ́ mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí káfíńtà kankan kò lè fojú lásán dà á kọ. Fọ́tò àtijọ́ àti àwọn ègé tí iná ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ń fa ìlànà rẹ̀ padà, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tí ìlànà náà pé tán ni àwọn oníṣẹ́ igi láti Turkey, Indonesia àti Jọ́dánì tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Ọdún 2007 ni mínbárì tuntun wọ Al-Aqsa. Ọdún 38 ti kọjá lẹ́yìn tí iná jó ti àkọ́kọ́. Ká ní ẹnì kan ti jókòó tì í bí àwọn ará Index ṣe jókòó ti àga Shaker, tó wọ̀n ọ́n, tó yà á tàwọ̀tàwọ̀, tó kọ irú igi rẹ̀ tì í, a rò pé kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti Index, ogun ló fi òpin sí i. Amẹ́ríkà wọ ogun àgbáyé kejì ní ìparí ọdún 1941, ìjọba nílò owó àti ènìyàn níbòmíràn, iṣẹ́ náà sì dáwọ́ dúró ní ọdún 1942. Nǹkan bíi 1,000 ayàwòrán ló ti kópa nínú rẹ̀, wọ́n sì ti ya àwòrán bíi 18,000, kì í ṣe ti àga nìkan, ti ìkòkò, aṣọ, ọmọláńgidi àti irin pẹ̀lú. Ní ọdún 1943, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí National Gallery of Art ní Washington. Ìpinnu wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni láti tẹ̀ ẹ́ ní ìwé kí ó lè dé ọwọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n owó kò jẹ́. Ọdún 1950 ni Erwin Christensen, tó ń tọ́jú wọn, tó gbé ìwé kan jáde tó ní díẹ̀ nínú àwòrán náà. Nígbà yẹn, púpọ̀ nínú àwọn ayàwòrán náà ti bá ọ̀nà tiwọn lọ, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ya àga mọ́ láyé rẹ̀.

Àwọn àwòrán náà ṣì wà ní Washington. Wọn kì í gbé wọn kọ́ sára ògiri pẹ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń pa ọ̀dà olómi láwọ̀ dà. Inú àpótí tí ó ṣókùnkùn ni wọ́n ń tò wọ́n sí, ọ̀kan lé ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ilé ọnà náà ti ya ẹ̀dà wọn sórí kọ̀ǹpútà, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ọ̀dọ́ tó bá ní fóònù lè wá orúkọ Index of American Design, kí ó ṣí àga Shaker kan, kí ó fẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi, kí ó sì wá ìlà tín-ín-rín tí akànga fà yí òpó po kí ó tó lu ihò.